Ìkíni Tí Mo Gé Dànù

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Màámi,

Èmi kì í ṣe ẹnjinníà. Mi ò ṣe é rí. Ọdún mẹ́fà nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dé ọ̀nà ọ̀fun mi tí mo sì ń gbé e mì padà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó ka èyí tó kù, ẹ wo orí kọ́bọ́ọ̀dù yín. Tí ẹ̀rọ Ọmọ-Ilé bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ gbé lẹ́tà yìí lọ sí ẹ̀yìnkùlé, kí ẹ sì fi ojú nìkan kà á. Mo mọ̀ pé ẹ máa ń ka lẹ́tà sókè.

Iṣẹ́ mi ni pé mo ń gbọ́ ohun tí àwọn èèyàn ń sọ nínú ilé wọn. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orí àga kan ni mo ń jókòó sí ní àjà karùn-ún, láàárín ogójì èèyàn tí kì í wo ojú ara wọn. Màá gbé ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi sétí wọ̀. Tìmùtìmù rẹ̀ á ṣì tutù nítorí òógùn ẹni tó lò ó kí n tó dé, á sì máa rùn bí inú etí. Ojoojúmọ́ ni mo ń fi sípíríìtì nù ún, òórùn náà kì í lọ. Lẹ́yìn náà wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í da ohùn sí mi létí: bàbá kan tó ń ha ọ̀fun nínú balùwẹ̀, obìnrin kan tó ń bẹ ọkọ rẹ̀, ẹnì kan tó ń sunkún tó tún ń ní kí Ọmọ-Ilé bá òun tan iná. Màá kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀, màá sì tẹ nọ́ńbà tó máa sọ fún ẹ̀rọ irú ọ̀rọ̀ tó jẹ́. Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń kọ́gbọ́n nìyẹn. Àwa ni tíṣà rẹ̀. Òun náà ló sì máa lé wa kúrò lẹ́nu iṣẹ́ tó bá gbọ́n tán.

Nígbà tí mo débẹ̀, ilé-iṣẹ́ yìí kò ju yàrá méjì lọ, lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta táyà. Gbogbo aṣọ wa ló ń rùn bíi rọ́bà. Èèyàn mẹ́sàn-án ni wá, Ọ̀gá wa tí a ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín sì ń bá wa mú búrẹ́dì nínú ọ̀rá kan náà. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ nígbà yẹn, mi ò ní purọ́. Ohun tí à ń wá kò ju pé kí afọ́jú lè fi ẹnu tan iná, kí arúgbó má gbàgbé oògùn. Ta ló máa bú irú ìyẹn? Ọdún kejì, àwọn ilé ìwòsàn rà á. Ọdún kẹta, àwọn ilé-ìwé. Ó kan bọ́ọ̀sì, ó kan báńkì, ó kan ilẹ̀kùn. Ní òpópónà tí mo ń gbé báyìí, ẹni tí kò bá ní Ọmọ-Ilé nílé kò lè wọ bọ́ọ̀sì, dókítà ò sì ní rí i, àfi bíi pé ìyá rẹ̀ ò bí i. Ilé wa ti di alájà mẹ́jọ, gbogbo ara rẹ̀ ló jẹ́ dígí. Wọ́n ti wó ilé oní-táyà, wọ́n fi ṣe ibi ìgbọ́kọ̀sí.

Tó bá di oúnjẹ ọ̀sán, àwọn kan á ṣí ohùn tó bá pa wọ́n lẹ́rìn-ín fún gbogbo tábìlì. Lọ́jọ́ kan, ìyá arúgbó kan ń kọrin fún ọkọ rẹ̀ tó ti kú. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Màámi, mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó ti lé lọ́dún kan, ẹ̀rín yẹn ṣì kan lẹ́nu mi bí ọbẹ̀ ìjẹta.

Èmi náà ni mo fi èyí tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù yín ránṣẹ́. Wọ́n fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ẹyọ kan fún òbí rẹ̀, mo sì ń yangàn. Ẹ dákun, ẹ yọ wáyà rẹ̀ lára ògiri, ẹ fi aṣọ wé e, ẹ tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ má pè mí lórí fóònù nípa ọ̀rọ̀ yìí, inú ẹ̀rọ kan náà ni fóònù ń gbà kọjá. Ìwé ni kí ẹ kọ.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kejì

Adákẹ́ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ara ńkọ́? Oorun ńkọ́? Ẹni tí ẹ jọ ń gbélé ńkọ́, ṣé ó ti jáwọ́ nínú ilẹ̀kùn gbígbá? Òtútù ńkọ́? Ṣé ò ń jẹun? O kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo kí ọ báyìí kí o lè rí bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà, torí èyí tí o kọ sí mi, bí ẹni tí ilé ń jó lo ṣe já wọlé. "Èmi kì í ṣe ẹnjinníà." Ta ló bi ọ́? Láti ọdún àkọ́kọ́ ni mo ti mọ̀. Ìwọ tí o fi òòlù lu àtàǹpàkò ara rẹ nígbà tí mo ní kí o kan ìṣó kan ṣoṣo. Mo dákẹ́ ni, torí ẹni tó bá bọ́ aṣọ lára ọmọ rẹ̀ níta gbangba, ìhòòhò ara rẹ̀ ló ń fi han èèyàn.

Nípa Ọmọ-Ilé, má bínú, mi ò tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Òun ló ń rán mi létí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Òun ló ń dá mi lóhùn. Tí mo bá pe ìwọ, "Màámi, mo wà lẹ́nu iṣẹ́ o." Kò sígbà tí mo pe òun tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Télọ̀ òdìkejì ní méjì, ọ̀kan ní yàrá, ọ̀kan ní ìsọ̀, nítorí pé tèmi ló kọ́kọ́ rí. Gbogbo àdúgbò ló ti ń lò ó báyìí. Wọ́n ṣì máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé ọmọ mi ló mú un wá.

Àmọ́ ohun kan wà tí mo fẹ́ bi ọ́, ìwọ tí o mọ ilé wọn. Ìwé kan dé láti ilé ìwòsàn. Wọ́n ní Ọmọ-Ilé ti fi oṣù mẹ́fà yẹ iyè mi wò, ó sì ti rí i pé iyè mi ń ra. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà: "Àsọtúnsọ láìnídìí, ìpele kẹta." Wọ́n ní kí n má fọwọ́ sí ìwé kankan fúnra mi mọ́. Wọ́n ní kí n má wá kọ́ àwọn agbẹ̀bí kéékèèké mọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ọdún mẹ́tàlélógójì ni mo fi gbẹ̀bí nílé ìwòsàn yẹn o. Nọ́ọ̀sì àgbà tó sọ ọ́ fún mi, ọwọ́ méjèèjì yìí ni mo fi gbà á lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Kò lè wò mí lójú, ẹ̀rọ ló tẹjú mọ́.

"Màámi, ẹ̀rọ ló sọ bẹ́ẹ̀."

Mo ní, "Ìwọ náà ńkọ́, kí lo sọ?"

Ó ní níbi tí ẹ̀rọ bá ti sọ̀rọ̀, òun ò láṣẹ láti sọ nǹkan kan, àfi tí ẹni tó kọ́ ẹ̀rọ bá kọ̀wé pé ó ṣàṣìṣe. Níbo ni mo ti fẹ́ rí onítọ̀hún?

Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹrin ni ìgbìmọ̀ máa jókòó lórí ọ̀rọ̀ mi. Tí nǹkan kan ò bá yí padà, wọ́n á kó mi lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, wọ́n á sì ti ilé mi pa. Bá mi bi àwọn èèyàn rẹ: kí ni mo ń sọ ní àsọtúnsọ? Mo jókòó, mo ro ara mi wò láti òkè délẹ̀, mi ò rí i. Ẹ̀rù ti fẹ́ máa bà mí pé bóyá òótọ́ ni, torí wọ́n ní ẹni tí iyè rẹ̀ ń ra kì í mọ̀.

Màmá rẹ.


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta

Màámi,

Lẹ́tà yín dé. Iyè yín ò ra. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ bẹ́ẹ̀ fún yín mọ́.

Mo lọ bá Ẹlẹ́rìn-ín ní àjà kẹjọ. Òórùn òdòdó ni wọ́n máa ń fọ́n síbẹ̀. Mo ní ìyá mi wà lára àwọn tí ẹ̀rọ ní iyè wọn ń ra. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, gbogbo wa la ní ìyá. Ọjọ́ ogbó ò mọ ọmọ ọ̀gá." Mo ní ẹ̀rọ ló ṣàṣìṣe. Ó tún rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ gbá mi léjìká, ó ní, "Ẹ̀rọ ò lè dá ṣàṣìṣe. Ohun tí ẹ kọ́ ọ náà ló mọ̀." Mo sọ̀ kalẹ̀, mo padà sórí àga mi.

Ẹ ṣe nǹkan kan fún mi. Ẹ má yọ wáyà Ọmọ-Ilé mọ́, wọ́n á ní ẹ ń sá. Àmọ́ láti òní lọ, tí ẹ bá wà nítòsí rẹ̀, ẹ má kí ẹnikẹ́ni. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ, kí ẹ dákẹ́. Tí èèyàn bá ní "ẹ káàárọ̀", kí ẹ ní "hẹn". Ẹ má béèrè ilé, ẹ má béèrè ọmọ, ẹ má béèrè iṣẹ́. Tí ẹ bá ṣe é bẹ́ẹ̀ títí ìgbìmọ̀ fi máa jókòó, ìpele yẹn á wálẹ̀. Ẹ má bi mí nídìí rẹ̀. Ẹ ṣáà ṣe é.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta

Adákẹ́,

Kí o tó bú mi, mo gbìyànjú. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko.

Lọ́jọ́ kìíní, télọ̀ òdìkejì wọlé. "Ẹ káàárọ̀, mà." Mo ní, "Hẹn." Ó dúró. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹlòmíì ni mo ń dá lóhùn. "Màámi, ṣé kò sí?" Mo ní, "Kò sí." Ó jáde. Kò pẹ́ ló padà dé pẹ̀lú obìnrin méjì, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì mi, wọ́n ń bẹ̀ mí pé ohunkóhun tó bá ṣe, kí n dárí jì í. Ó ti ń jẹ́wọ́ ẹ̀wù tí kò rí rán fún mi láti ọdún tó kọjá. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo rántí pé o ní kí n dákẹ́. Ẹkún ló fi lọ sílé.

Ọjọ́ kẹrin ló burú. Ọ̀kan nínú àwọn agbẹ̀bí mi kéékèèké mú aboyún kan wá bá mi nílé, ó ní ilé ìwòsàn ní kò tíì yá, ṣùgbọ́n ara òun ò gbà á. Mi ò kí aboyún náà, nítorí tìrẹ. Mo kàn gbé ọwọ́ lé e níkùn. Ọmọ mi, mi ò mọ nǹkan kan. Ọwọ́ mi dà bí ọwọ́ àjèjì.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí mi ò sọ fún ọ rí, torí o kò bi mí nípa iṣẹ́ mi rí. Tí mo bá wọ yàrá ẹni tó ń rọbí, kí n tó fọwọ́ kàn án, màá kí i. Ẹ kú ìrọ́jú. Bàbá ọmọ ńkọ́? Àwọn tẹ́ ẹ fi sílé ńkọ́? Oorun àná ńkọ́? Tó bá dáhùn gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà ṣì jìn, màá ní kó dìde rìn. Tó bá dáhùn ìdajì tó gbé ìdajì mì, màá ní kí wọ́n gbé omi kaná. Tí kò bá dáhùn rárá, tó kàn di ọwọ́ mi mú, ọmọ ti dé ẹnu ọ̀nà. Ìyẹn ni mo ń kọ́ wọn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo wá kí aboyún náà bó ṣe yẹ, níwájú Ọmọ-Ilé, gbogbo rẹ̀. Kò rí ẹ̀kẹta dáhùn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti bímọ. Obìnrin ni.

Bí mo ṣe mọ̀ pé o kì í ṣe ẹnjinníà náà nìyẹn. Láti ọdún mẹ́fà, tí mo bá ní "iṣẹ́ ńkọ́", o ti máa ń ní "dáadáa ni" kí n tó pe "ńkọ́" tán.

Ó wá ku ọ̀kan. Mo tún ìwé ilé ìwòsàn kà lẹ́ẹ̀mẹta. Mo fi gíláàsì mi kà á, mo fi ti télọ̀ kà á. Kò sí ibi tí wọ́n ti dárúkọ ìkíni. Báwo ni ìwọ ṣe mọ̀ pé ìkíni ni? Adákẹ́, ta ló kọ́ ẹ̀rọ yẹn ní èdè wa?

Mo ti padà sí ìkíni mi. Kí wọ́n wá kó mi.

Màmá rẹ.


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹrin

Màámi mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú ìrọ́jú. Ara ńkọ́? Orúnkún yín ńkọ́? Oògùn ńkọ́, ṣé ẹ ń lò ó déédéé? Télọ̀ òdìkejì ńkọ́, ṣé inú rẹ̀ ti yọ́, ṣé ó ti rán ẹ̀wù náà? Ọmọ tuntun ńkọ́? Mi ò kánjú. Bí mo ṣe ń kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo ń dúró de èsì yín.

Èmi ni.

Lọ́dún kejì tí mo débẹ̀, èmi nìkan ni mo gbọ́ èdè wa nínú gbogbo wọn. Ẹlẹ́rìn-ín ṣí ohùn obìnrin méjì kan fún gbogbo yàrá. Ìkíni ni wọ́n ń kí ara wọn: iṣẹ́, ilé, ọmọ, ẹsẹ̀ tó ń dun ẹnì kan, ajá tó sọnù. Ìṣẹ́jú méjì. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí mi: "Kí ni wọ́n ń sọ láti àárọ̀ yìí?" Ojú tì mí. Mo ti wá ìdí mìíràn títí, kò sí: ojú tì mí ni. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ǹ bá sọ, pé wọ́n ń yẹ ara wọn wò. Mo ní, "Kò sí nǹkan kan, sà. Wọ́n kàn ń tún un sọ ni." Ó ní kí n wá nọ́ńbà kan fún un. Nọ́ńbà kẹrìnlá ló ṣófo. Èmi ni mo fi ọwọ́ mi kọ ọ́ síwájú rẹ̀: "Àsọtúnsọ láìnídìí." Nígbà tí mo rí i nínú lẹ́tà yín, ó dà bí ẹni tó rí èébì ara rẹ̀ nínú abọ́ ìyá rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, tí ìkíni bá ti bẹ̀rẹ̀, màá tẹ mẹ́rìnlá, màá fò ó. Ọdún mẹ́rin. Ó mú iṣẹ́ yá. Wọ́n gbé fọ́tò mi kọ́ ara ògiri pé èmi ni mo yára jù. Bí mo ṣe kọ́ ẹ̀rọ nìyẹn, pé ẹni tó bá kí èèyàn pẹ́, orí rẹ̀ ti ń dàrú. Mo fẹ́ sọ pé mi ò mọ̀ pé ibẹ̀ ni wọ́n máa lò ó sí. Ẹ má gbà mí gbọ́ tán. Lọ́dún tó kọjá, ọmọkùnrin tó dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ wá bá wa sọ̀rọ̀, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó ti ṣá bíi tálákà, ó ní ilé ìwòsàn ti ń fi ẹ̀rọ wa yẹ iyè àwọn àgbà wò. Ó sọ "ìfẹ́" nígbà mọ́kànlá, mo kà á. Ìkíni wá sí mi lọ́kàn díẹ̀. Mo pàtẹ́wọ́.

Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan. Ní ọ̀sẹ̀ yìí mo yọjú sí ìwé tí kò yẹ kí n wò: nínú àwọn àgbà tó ń sọ èdè wa, ó lé ní ìdajì tó wà ní ìpele kẹta.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó burú jù, kó lè tán nínú mi. Mo ti gbọ́ ohùn yín rí nínú ẹ̀rọ etí yẹn. Ẹ̀ẹ̀kan ni. Ẹ ní, "Ọmọ-Ilé, o kú iṣẹ́ o. Ṣé o jí dáadáa? Ẹni tó rán ọ sí mi ńkọ́, ṣé ó ti jẹun?" Kí ẹ tó dé "jí" ni mo ti mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Ohùn mẹ́tàdínlógún ló kù níwájú mi, wákàtí ti fẹ́ pé. Mo tẹ mẹ́rìnlá.

Ẹ bi mí nípa ara mi nínú ẹ̀rọ, mo gé e dànù. Láti ìgbà tí lẹ́tà yín dé, mi ò lè fi ìka tí mo fi tẹ̀ ẹ́ mú oúnjẹ. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ọwọ́ òsì ni mo fi ń kọ orúkọ yín sára àpò ìwé yìí.

Ìwé tí mo fọwọ́ sí nígbà tí wọ́n gbà mí ní tí mo bá sọ ohun tí mo ń gbọ́ fún ẹnikẹ́ni, wọ́n á gba káàdì iṣẹ́ mi. Káàdì náà ni àṣẹ tí mo fi ń gbé ìlú yìí. Tí wọ́n bá gbà á lówùúrọ̀, wọ́n lè ní kí n máa lọ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ẹ̀rù ń bà mí, Màámi. Ẹ̀yin lẹ sọ mí ní Adákẹ́, mi ò mọ̀ bóyá mo lè jẹ́ ẹlòmíì. Ṣùgbọ́n ẹ sọ pé nọ́ọ̀sì àgbà ní àfi tí ẹni tó kọ́ ẹ̀rọ bá kọ̀wé. Mo ti kọ ọ́, ní ẹ̀dà mẹ́ta. Mo kọ orúkọ mi, mo kọ nọ́ńbà kẹrìnlá, mo kọ ọjọ́ tí mo dá a sílẹ̀ àti ohun tí ìkíni jẹ́ gan-an. Ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ sí mi nípa ẹni tó ń rọbí ni mo kọ síbẹ̀, mi ò yí i padà.

Mi ò fọkàn tán ara mi, nítorí náà màá tò ó báyìí kí n má bàa rí ọ̀nà sá. Lọ́la, kí n tó débi iṣẹ́, màá yà sí ilé ìfìwéránṣẹ́. Màá fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́, màá sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí nọ́ọ̀sì àgbà àti ọ̀kan sí ìgbìmọ̀, kí gbogbo wọn dé kí ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n tó pé. Lẹ́yìn náà màá fi ẹsẹ̀ gun àtẹ̀gùn dé àjà kẹjọ. Mi ò ní sọ fún ilẹ̀kùn wọn pé kó ṣí, ọwọ́ ni màá fi kàn án. Ẹ̀dà kẹta á wà lọ́wọ́ mi. Kí n tó gbé e lé tábìlì, màá kí Ẹlẹ́rìn-ín: iṣẹ́ rẹ̀, ilé rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀, oorun rẹ̀, ìyá rẹ̀. Màá sì dúró gbọ́ bó ṣe máa dáhùn.

Ọmọ yín.